Àmì Orí "Jo"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n ní èmi ìyàwó Tíṣà ni mo pe panápaná pé kí wọ́n wá pa omi. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò ṣe nǹkan. Àmọ́ ilé tí ẹ jókòó sí tí ẹ ti ń rín in yẹn, ṣé ó gbẹ àbí kò gbẹ? Ó gbẹ. Ẹ kí mi kú iṣẹ́.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀rọ mi wà ní yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fèrèsé náà sì kọjú sí ògiri dáàmù gangan. Ọkọ mi ló ń ṣọ́ dáàmù yẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíkọ àti kíkà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará ọ́fíìsì omi fún un ní iṣẹ́ yìí, wọ́n rò pé àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan ni àwọn rí. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣe.

Kì í ṣe dáàmù ńlá tó ń fúnni níná o. Ògiri erùpẹ̀ ni, kò ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, wọ́n fi dí àfonífojì tó wà lókè abúlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń jẹko nínú rẹ̀. Àmọ́ tí òjò bá rọ̀ lórí òkè, ibẹ̀ ni gbogbo àgbàrá ń ya sí, páìpù kan lábẹ́ ògiri á wá máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fi ṣíbí fún ọmọ lóògùn. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi ti wọlé bá wa lórí ibùsùn. Ẹnjinnía tó kọ́ ọ sọ fún àwọn àgbà pé, "A kọ́ ilé fún omi, kó má baà wá sùn sí tiyín mọ́." Láti ọjọ́ náà, Ilé Omi la ń pè é. Àwọn ará ọ́fíìsì nìkan ló ń pè é ní dáàmù.

Dáàmù, dààmú, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Ọkọ mi ní Bàbá Dáàmù ni òun. Gbogbo abúlé ní Bàbá Dààmú ni. Tó bá bínú, tó ní kí wọ́n fi ohùn síbi tó yẹ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Dààmú."

Ẹ̀bi tirẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló ń jẹ, òun ló ń mu. Tí mo bá kọ "iyo" sórí ìwé ohun tí a fẹ́ rà, á fa bírò pupa yọ nínú àpò, á fi àmì sí i, iyọ̀, kó tó gbé báàgì. Mo ní, "Tíṣà, ẹni tó ń ta iyọ̀ ò ní ka ìwé yẹn." Ó ní, "Èmi tí mo fẹ́ rà á ńkọ́?"

Ká má purọ́, orí àmì náà la ti fẹ́ra. Ó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, mo sì wà ní ìjókòó iwájú. Lọ́jọ́ kan, ó kọ "ọkọ" sójú pátákó láìní àmì, ó ní kí n wá fi àmì tó bá wù mí sí i. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Gbé e sókè nídìí, ó di ọkọ́ tí a fi ń roko. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀kì. Mo wo ọ̀rọ̀ náà, mo wo òun náà. Mo dá ṣọ́ọ̀kì padà sí i lọ́wọ́, mo ní, "Bó ṣe wà yẹn ló dára, Tíṣà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń lu tábìlì. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó nu pátákó náà lẹ́ẹ̀mẹta, pátákó tó ti mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wá rí ìyá mi.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo pa àmì tì. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í béèrè àmì lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣọ́ dáàmù. Láràárọ̀, tó bá ti mu tíì tán, á mú ọ̀pá, á mú ife gíláàsì kan, á mú ìwé kíkà kan tó ti gbó, ó di orí ògiri. Á rìn ín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Á wò ó bóyá eku ti gbẹ́ ihò sí i. Igi kékeré tó bá ń hù níbẹ̀, á fà á tu, ó ní tí igi bá dàgbà tó kú, ọ̀nà ni gbòǹgbò rẹ̀ ń là sílẹ̀ fún omi. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, níbi tí omi díẹ̀ ti máa ń sun jáde. Ó ní kò sí ògiri erùpẹ̀ tí kì í làágùn. Á bu òógùn náà sínú ife, á gbé ìwé sẹ́yìn ife, á wá gba inú omi kàwé. Tó bá rí ọ̀rọ̀, tó tún rí àmì orí ọ̀rọ̀, ara ògiri le nìyẹn.

"Omi tó mọ́, àlejò tó ń kọjá lọ ni," bó ṣe máa ń sọ nìyí. "Omi tó bá pọ́n, olè ni. Ó ti kó nǹkan dání."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni páìpù. Ìtì igi kan ti há sí ẹnu rẹ̀, kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí i sì ti dógùn-ún, kò ṣe é yí. Páìpù tó dí, ọ̀fun tó dí ni. Tí òjò ńlá bá dé, omi á kún, kò ní ríbi gbà, á wá máa tẹ ògiri. Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Wọ́n fèsì pé, "A ti rí lẹ́tà yín, a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ kò ju pé wọ́n ń gbé ife tíì lé e lọ. Ó kọ òmíràn. Ó kọ mọ́kàndínlógún, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì, kò sí ọ̀kan tó jáde ní ìhòòhò.

Nígbà tó yá ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ kọ̀wé: "Dààmú yín ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá tún yọ wá lẹ́nu lórí ohun tí kì í ṣe pàjáwìrì, a ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa ṣọ́ dáàmù." Ẹ mọ ohun tí ọkọ mi ṣe? Ó jókòó, ó fi bírò pupa tún àmì orí lẹ́tà náà ṣe. Àṣìṣe mẹ́ta ló rí. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ padà! Mo já a gbà, mo fi gé àwòrán ọrùn aṣọ.

Inú ń bí mi, òótọ́ ni. Inú ń bí mi sí ọ́fíìsì, ó ń bí mi sí òun náà. Ilé àkọ́kọ́ lábẹ́ ògiri yẹn, ilé ìyá mi ni. Lẹ́yìn ilé ìyá mi, ogójì ilé mìíràn. Tí Ilé Omi bá já, ìyá mi ni omi máa kọ́kọ́ kí, ẹsẹ̀ ìyá mi ò sì ṣe é sá. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, ohun tí mò ń rí nìyẹn.

Ìyẹn ni mo fi rán àpò. Tíṣà ní kí n rán àpò tí wọ́n lè rọ yanrìn sí. Mo ní, "Mélòó?" Ó ní, "Ọgọ́fà." Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, èmi tí aṣọ oníbàárà kún ọrùn mi. Mo ráhùn, mo rán an. Mo rán an, mo ráhùn. Òun náà kó yanrìn jọ sẹ́sẹ̀ ògiri, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, ó kó òkúta ńlá jọ, ó fi ọ̀rá bò wọ́n. Àwọn èèyàn ní Bàbá Dààmú fẹ́ kọ́lé kejì.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko kò dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó dá, oòrùn sì yọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí mo rí ọkọ mi tó ń sáré bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, Tíṣà kì í sáré. Ó ní ẹni tó bá mọ àkókò kì í sáré.

Ó gbé ife síwájú mi, ó na ìwé sẹ́yìn rẹ̀. "Kà á."

Omi náà pọ́n kankan. "Kí ni kí n kà? Mi ò rí nǹkan kan."

"Èmi náà ò rí i," ó ní. "Ihò kan ti lu sẹ́sẹ̀ ògiri lápá òsì, ó tó ẹnu ife yìí. Ó ń pọ ilẹ̀ jáde. Omi ti fẹ́ dé ọrùn òpó tí a fi ń wọn gíga omi, kẹ̀kẹ́ páìpù ò sì yí."

Mo ní kó pe ọ́fíìsì. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ni. Mo ti gbàgbé lóòótọ́: wọ́n ti sọ fún un pé ìpè rẹ̀ ti pọ̀ jù, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni kó máa fi ránṣẹ́ sí fóònù ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ ògiri kò sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ojú fèrèsé mi nìkan ló ti ń wọlé. Ló bá dúró síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Àmì ló ń wá o! Á tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀, á dúró kí àwọn àmì rẹ̀ yọ jáde, á wá yan èyí tó tọ́ lára wọn. "Sí Ọ̀gá Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún jọjọ..."

"Tíṣà!" Mo pariwo. "Ṣé omi ń dúró de àmì?"

"Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ìtumọ̀ méjì ló ní," ó ní, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. "Ìtumọ̀ méjì ń pa èèyàn." Nígbà tó parí, ó ki fóònù bọ̀ mí lọ́wọ́. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò tíì wọlé. Tó bá wọlé, fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Kó o sáré lọ gbé ìyá rẹ. Mò ń lọ pe àwọn aládùúgbò sí àpò." Ó ti jáde.

Mo ka ohun tó kọ. Ó dára. Ó ní ìtẹríba, ó sọ pé dáàmù ń jò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ apá òsì, àmì pé pérépéré. Mo sì rí i lójú ara mi bó ṣe máa dé ọ́fíìsì, tí wọ́n máa ní, "Bàbá Dààmú tún ti dé," tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́kàndínlógún tó ṣáájú rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo tẹ tèmi:

"Ile omi n jo. E gba wa o."

Mo fi ránṣẹ́, mo ju fóònù sínú apẹ̀rẹ̀ òwú, mo gbá bárò mú, mo sáré lọ sílé ìyá mi.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ló ń dùn wọ́n, ẹnu wọn ò ṣàìsàn. Mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ti rẹ aṣọ sínú agbada ọṣẹ.

"Màmá, ẹ dìde, Ilé Omi fẹ́ já."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Lọ́dún tó kọjá, ó ní ó lè já. Lónìí, ó ní ó fẹ́ já."

Ìyá mi rò ó wò. "Èmi ò fi aṣọ tí mo ti rẹ sílẹ̀ lọ ibì kankan. Tí omi bá gbé mi, kí wọ́n rí mi pẹ̀lú aṣọ ìdọ̀tí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé wọn sínú bárò, mo gbé agbada lé wọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àti ọṣẹ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Bí mo ṣe ń tì wọ́n gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú mi pé mò ń da omi ọṣẹ sí wọn lára. Àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ rí wa, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, wọ́n wọlé lọ kó àwọn ọmọ wọn jáde.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni a gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ pupa ńlá kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, iná orí rẹ̀ ń kọ mànà mànà. Ó dúró, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú akoto àti rọ́bà omi. Ọ̀gá wọn sáré tọ̀ mí wá.

"Iná dà?"

Mo nawọ́ sí omi.

Ó wo omi. Ó wo mí. "Mà, iná ni mo béèrè."

"Mo gbọ́. Omi la ní."

"Wọ́n ní ilé ń jó!"

Ìyá mi gbójú sókè nínú bárò. "Ilé ta ló ń jó?"

"Ilé Omi," ọ̀gá panápaná ní.

"Omi ń jó?" ìyá mi ní. "Ayé mà ti bàjẹ́ o."

Ọkọ mi ti gòkè dé, erùpẹ̀ bò ó dé orí. Ó rí ọkọ̀ pupa, ó rí akoto mẹ́jọ. Ẹlòmíràn á béèrè ẹni tó pè wọ́n. Olùkọ́ ni Tíṣà: tó bá ti rí èèyàn mẹ́jọ lójú kan, kíláàsì ló rí. "Ẹ tò!" ló ní, wọ́n sì tò, kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn tò. Ó fi ihò náà han ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Nígbà tó dìde, eré ti tán lójú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta mú ìkọ́ àti okùn lọ sí ẹnu páìpù. Wọ́n fa ìtì igi náà títí ọ̀kan nínú wọn fi ṣubú sómi, ó gòkè, ó tún ń fà á. Àwọn méjì fi ọ̀pá irin gígùn há kẹ̀kẹ́ páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ yẹn ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì yí. Nísàlẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní gbuu, ó gba ojú odò lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àwọn tó kù, àti àwa ará abúlé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò.

"Yanrìn kọ́kọ́!" Tíṣà ń pariwo. "Ẹ má dí i pa! Tí ẹ bá dí i, á lu ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí omi máa jáde, kó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Yanrìn, lẹ́yìn rẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ńlá. Asẹ́ la fẹ́ ṣe!"

Ọgọ́fà àpò. Gbogbo rẹ̀ ló lọ yí ihò yẹn ká. Gbogbo èyí tí mo bá gbé, ojú ìránṣọ mi ni mò ń wò, kò sí ọ̀kan tó tú. Omi tí panápaná gbé wá nínú ọkọ̀ wọn, wọn ò ríbi dà á sí. Ìyá mi ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá kí àwọn fi ṣan aṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ife. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, panápaná pẹ̀lú akoto lọ́wọ́. Ó bu omi, ó gbé ìwé sẹ́yìn rẹ̀.

"Mo rí ọ̀rọ̀," ó ní.

A hó yèè.

"Ẹ dákẹ́! Mi ò tíì rí àmì."

A dákẹ́. Ọ̀gá panápaná bi mí pé àmì kí ni. Mo ní kó fara balẹ̀. A dúró síbẹ̀, bóyá ààbọ̀ wákàtí, a ń wo ẹsẹ̀ ògiri. Tíṣà tún bu omi. Ó wò ó pẹ́. Ó yí ife sí oòrùn, ó tún wò ó.

"Mo rí àmì," ó ní jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, ojú ò sì tì mí.

Ẹ rò pé ó parí? Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì omi dé. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà mi, akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì, ọ̀gá panápaná dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà ò béèrè ògiri. Ìwé kan ló fà yọ.

"Tíṣà, láti orí fóònù yín ni èyí ti wá. Akọ̀wé mi rí i, ó rò pé ilé tí a kọ́ fún ẹ̀ṣọ́ dáàmù ló ń jó, ló bá pe panápaná. Wọ́n fẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó bá pe panápaná síbi tí kò sí iná, òfin ń mú un." Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi, láàárín àwọn bọ́tìnnì. "Tó bá jẹ́ jó lẹ kọ, irọ́ lẹ pa, ẹ máa gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ jò lẹ kọ, akọ̀wé mi ò mọ̀wé kà, òun ló máa kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni àmì. Ẹ fi àmì sí i, kí n mọ ẹni tí màá lé."

Tíṣà ò tíì rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rí. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá yí ojú wò mí.

Mo gbá ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mò ń rán aṣọ kan láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin akọ̀wé náà gbá báàgì mọ́ àyà.

Ọkọ mi yọ bírò pupa. Ó ṣí ìdérí rẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ kọ: jò ni, nítorí òun ni òótọ́, ọkọ mi kò sì fi òótọ́ ṣeré rí. Ẹni tó ń fi àmì sórí ìwé ọjà ìyàwó rẹ̀! Ẹni tó fi àmì sórí lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀! Bírò náà sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ó dúró síbẹ̀. Tíṣà gbójú sókè, ó wo ọmọbìnrin yẹn, ó tún wò mí.

Ó dé ìdérí bírò.

"Bó ṣe wà yẹn ló dára," ó ní.

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ni ín.

Ọ̀gá àgbà ní, "Kí lẹ wí? Jo láìní àmì ò ní ìtumọ̀!"

"Ó ní," ọkọ mi dáhùn. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ wá."

Ọ̀gá panápaná wú ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà, irú ikọ́ tó ní ẹ̀rín nínú. Ó ní, "Sà, èmi náà ní ìwé tí mo fẹ́ kọ. Mi ò ní fi àmì sí tèmi náà."

Ìgbà yẹn ni akọ̀wé ṣí báàgì rẹ̀. Ó kó ìdì lẹ́tà kan jáde, ó gbé e lé orí tábìlì mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mọ́kàndínlógún ni, àmì ife tíì wà lára àwọn kan.

"Ọ̀gá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ, "àwọn wọ̀nyí ní àmì."

Ọ̀gá àgbà gbé ti òkè, ó kà á. Ó gbé èkejì. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó béèrè omi tútù. Kó tó lọ, ó ní kí Tíṣà mú òun lọ wo páìpù. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ irin tuntun, wọ́n sì gbé òkúta lé ẹsẹ̀ ògiri láti òsì dé ọ̀tún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá bi wá léèrè yẹn, mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi. Mi ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. Mo ní, "Tíṣà, kì í ṣe pé mi ò ráyè fi àmì sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Nínú gbogbo ẹni tí mo kọ́, kò sí ẹni tó mọ àmì tó ọ. Gbogbo 'iyo' tí ò ń kọ láti ọjọ́ yìí, o rò pé mi ò mọ̀ pé ò ń fi mí ṣeré ni?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Mo fẹ́ràn àtifi àmì sí i."

Mo kó abọ́ lọ sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ ìwé ohun tí a fẹ́ rà. Mo fi àmì sí i láti òkè délẹ̀: iyọ̀, òwú dúdú, bọ́tìnnì, búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀. Ó gbé awò sójú, ó kà á, ó tún un kà, ẹnu yà á. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé mo gbàgbé àmì orí "abere," ó sì ti ń wá bírò pupa nínú àpò.

Mi ò gbàgbé. Èmi ni mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un.